Ìbéèrè Kan Lórí Àmàlà

Ní ọdún 1983, ní kíláàsì karùn-ún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní ohun tó ń mú kí irin dógùn-ún. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó pé afẹ́fẹ́ àti omi ló ń pawọ́ pọ̀ ba irin jẹ́, mo sì ti gbé ìṣó méjì sórí tábìlì, ọ̀kan tó ti dógùn-ún àti ọ̀kan tó ṣì ń dán, nítorí mo gbà pé ọmọdé gbọ́dọ̀ fojú rí ohun tí a bá ń kọ́ ọ. Ọmọ náà dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí iṣu funfun, tí àmàlà wá dúdú?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Mo tún fi kún un pé ìdí tí a kò fi fẹ́ kí wọ́n máa sọ Yorùbá ní kíláàsì nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni yóò máa ti ẹnu wọn jáde. Ó jókòó, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ títí ọdún náà fi parí.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún 70, ọdún 2011 ni mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ láàárín ọdún 35 tí mo fi ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí ọmọ yẹn ṣe jókòó. Ẹ̀yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀, ìdí ààrò ni mo sì ti rí i, lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò jókòó ní kíláàsì rí.

Ọdún 1955 ni wọ́n bí mi, ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní. Àgbẹ̀ aláròjẹ ni bàbá mi. Bí kì í bá ṣe ètò yẹn, n kò rò pé ẹnì kan nínú àwa ọmọ rẹ̀ méje ìbá mọ ìwé kà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, àwọn ọmọ ya wọ iléèwé bí omi òjò, olùkọ́ kò sì tó, ìgbà náà ni èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Gíréèdì Tuù wọṣẹ́. Ọmọ 55 ni wọ́n kó fún mi ní kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ọdún fi parí. Mo sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á má baà rò pé ìkà ló wà nínú mi lọ́jọ́ tí mo pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 35 máa ń bẹ̀rù ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. N kò mọ ìdáhùn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi ṣaláìsí ní ọdún 2014. Ọdún 33 la fi jọ gbé, n kò sì mọ ibi tó ń gbé ìkòkò ìrú rẹ̀ sí. Kì í ṣe pé ó ní kí n má wọ ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ọkùnrin kì í jókòó ti ààrò, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ìdí. Àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan ní Àbújá, àbíkẹ́yìn sì wà ní ìlú ọba. Mo wá di ẹni tó ń jẹun ní búkà láàárọ̀ àti lálẹ́, tó ń fi búrẹ́dì àti tíì ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Kò pé ọdún kan tí nọ́ọ̀sì kan fi wọn ẹ̀jẹ̀ mi, tó sì sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ mí lára. Ó bi mí pé báwo ni iyọ̀ tí mo ń jẹ lóòjọ́ ṣe pọ̀ tó. N kò mọ̀, nítorí kì í ṣe èmi ni mo ń sè é. Ó ṣàlàyé pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan lọ, àti pé iyọ̀ inú magí àti ti inú búrẹ́dì wà nínú ìṣirò yẹn pẹ̀lú. Ó tún sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí: bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni agbára imú àti ahọ́n rẹ̀ ń dín kù, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ti tó tẹ́lẹ̀. Mo rí i nígbà náà pé bí mo bá fẹ́ mọ iyọ̀ tí mo ń jẹ, àfi kí n fi ọwọ́ ara mi bù ú sí i.

Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé òun ti ń kiri ẹ̀kọ nígbà tí wọ́n ń kéde káàkiri ìlú pé kí àwọn òbí mú ọmọ wá sí iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní òun ti dàgbà jù, àbúrò òun ọkùnrin ni wọ́n mú lọ. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé yóò ti tó ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ní ọdún 1955. Ètò tó sọ mí di tíṣà fi ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ fò ó.

Mo ti kọ́ mẹ́ta nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí náà "ẹ" ló fi máa ń bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan tó rí mi tí mo ń gbé oúnjẹ búkà wọlé nínú ọ̀rá, ó ní, "Tíṣà, títí dìgbà wo lẹ ó máa ra oúnjẹ jẹ?" Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀ ọ́n sè ni." Ó ní kí n wá ní ọ̀la. Nígbà tí mo dé, tí mo jókòó sórí àpótí tó gbé kalẹ̀ fún mi, ó fa ọ̀bẹ àti iṣu lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bẹ ẹ́. Má jẹ́ kí èèpo rẹ nípọn." Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín wa, inú mi sì dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi mí ṣe ọmọ.

Mo ti rò pé àmàlà rírò ni yóò kọ́ mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdí èlùbọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá mọ bí èlùbọ́ ṣe di èlùbọ́ kò lè mọ ohun tí yóò ṣe sí i nínú omi gbígbóná. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ìgbà tí iṣu máa ń kún ọjà Òkè-Ògùn tí oòrùn sì ń mú bó ti yẹ. A bẹ iṣu wẹ́wẹ́ agbọ̀n kan, a gbé omi kaná nínú ìkòkò ńlá, kò sì jẹ́ kó hó. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi tí ọwọ́ kò lè pẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè bó ọwọ́, òun ni omi gbodo, ìyẹn iṣu tí a fẹ́ sá gbẹ fún èlùbọ́, nítorí bó bá hó, iṣu yóò jinná, iṣu tó bá sì ti jinná kì í ṣe gbodo mọ́. A da iṣu sínú omi náà, a bò ó, ó sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì a kó o jáde, a sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, a ń yí i padà lójoojúmọ́, a sì ń lé ewúrẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó mú ègé méjì, ó fi ọ̀kan lu èkejì létí mi. Ó dún bí igi gbígbẹ. Ó ní ohùn yẹn ni kí n máa dúró dè, kì í ṣe iye ọjọ́. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́, a sì jọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí à ń bẹ iṣu yẹn ni ohun tí mo ń wí ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mi kò yá, àwọn iṣu tí mo kọ́kọ́ bẹ sì ti wà nínú igbá fún ìgbà díẹ̀ kí n tó parí ìyókù. Nígbà tí mo wò wọ́n, gbogbo ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi: àwọ̀ ìṣó orí tábìlì mi ní ọdún 1983 ni. Mo bi Ìyá pé kí ló ṣe é. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ló fẹ́ sí i. Bí o bá tètè sọ ọ́ sómi, kò ní rí bẹ́ẹ̀."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo lọ ṣí ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Àwọn èròjà kan wà nínú ara iṣu tí wọn kì í pàdé nígbà tí iṣu bá wà lódindi, nítorí ìyàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Bí ọ̀bẹ bá ti wó ògiri àárín wọn, wọ́n á pàdé, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á sì dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọ̀ pípọ́n yẹn á wá jáde. Iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ kí iṣu tó wọ omi, ó sì ń bá a lọ nígbà tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ń gbẹ ẹ́ lórí àpáta. Ìdí nìyí tí èlùbọ́ kì í fi funfun bí iṣu, nígbà tí a bá sì rò ó nínú omi híhó, àwọ̀ rẹ̀ á tún ki sí i. (Àmàlà láfún tí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn kò ṣú bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe iṣu.) Ọ́síjìn kan náà ló ń bá omi pawọ́ pọ̀ láti mú kí irin dógùn-ún. Ọmọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́ ẹ̀kọ́ mi, ó gbé e lọ sídìí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nílé wọn, ó sì bi mí ní ohun tó kàn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì yẹn tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yé tó o. Òun ni mo sì ní kó jókòó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà mìíràn wà nígbà náà. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1977 náà sọ pé èdè abínibí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Mo mọ ìlànà yẹn lórí, mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ní iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ń jẹ pankẹ́rẹ́, èmi pẹ̀lú sì na àwọn kan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní purọ́ pé wọ́n ti múra sílẹ̀ fún ètò náà bó ti yẹ, nítorí ìwé kò tó, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì gba ẹ̀kọ́ kankan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tọ́jú irúgbìn tí a gbìn, kò yẹ kí a bá irúgbìn náà wí.

Mo fẹ́ sọ bí Ìyá ṣe ń kọ́ni, nítorí n kò rí irú rẹ̀ rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ mi ní iṣẹ́ olùkọ́. Àmàlà àkọ́kọ́ tí mo rò dá kókó. Mo na omorógùn sí i pé kó bá mi tún un ṣe, kò gbà á. Ó bù ú sáwo tèmi, ó bù ú sáwo tirẹ̀, ó da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, a sì jẹ ẹ́ tòun ti kókó inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Kí lo rí lánàá?" Mo ní mo da èlùbọ́ sómi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ mi kò sì yá láti rò ó. Ó ní, "Ó dáa, tún un rò." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èyí tó jọlọ̀ tó jáde lọ́wọ́ mi, kò sì sí ọjọ́ kan tó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún mi kí n tó fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ní tèmi, mo ti máa ń dáhùn ìbéèrè tí mo bi àwọn ọmọ kí wọ́n tó ronú parí. Òótọ́ ni pé ọmọ iléèwé kan ṣoṣo ló ní, tí èmi sì ní 55. Òótọ́ sì ni pé kò sí agogo tó ń lù lé e lórí. Síbẹ̀ n kò lè fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù iye ọmọ. Mo lè dúró díẹ̀ sí i ju bí mo ṣe ń dúró lọ.

Ní ọdún kejì, ó ní kí n kọ́ òun bí òun yóò ṣe máa tẹ nọ́ńbà ọmọ òun obìnrin tó wà ní Ìlọrin lórí fóònù, kí òun má baà máa dúró de ọmọdé. Ìyá mọ ìṣirò púpọ̀. Ó lè sọ èrè orí kóńgò èlùbọ́ kí n tó wá bírò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ 35 sílẹ̀ tí mo sì kà á fún un, ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Márùndínlógójì lo pè é. Ogójì tí a yọ márùn-ún nínú rẹ̀ dà? Mẹ́ta àti márùn-ún ni mo rí yìí." Ọ̀rọ̀ náà gbé mi dúró. Ọ̀nà tí èdè wa fi ń ka ọ̀pọ̀ iye ni pé kí a wo iye tó wà níwájú, kí a sì yọ kúrò nínú rẹ̀: ẹẹ́rìndínlógún jẹ́ ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò, àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò. Ọ̀nà tí ìwé fi ń kọ ọ́ ni pé kí a to ẹ̀wá-ẹ̀wá jọ láti ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1976 títí di ọdún 2011 ni mo fi ń rí ọmọ tó gbọ́ márùndínlógójì tó sì kọ 45, nítorí ogójì àti márùn-ún ni etí rẹ̀ mú, mo sì ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo. N kò sọ fún ẹnì kan nínú wọn rí pé ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, pé ìyá rẹ̀ mọ ọ̀kan, pé ìwé mọ èkejì, àti pé a lè ti orí ọ̀kan kọjá sí èkejì. Nígbà tí èmi fúnra mi pé àádọ́rin ọdún, mo rántí Ìyá: ọgọ́rin tí a yọ mẹ́wàá kúrò. Èdè mi ti ń wo ọgọ́rin kó tó dárúkọ ọjọ́ orí tí mo wà.

Bí a ṣe ń dàgbà lọ, a pín iṣẹ́ láàárín ara wa. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, orúnkún mi ń ro mí. Èmi ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn rẹ̀ fún un, òun ń gbóòórùn ìrú fún mi, ó sì ń sọ èyí tó ti pọ̀jù lọ́jọ́. Òun ló kọ́ mi pé bí ìrú àti edé bá tó nínú ẹ̀fọ́, iyọ̀ kò ní nǹkan púpọ̀ láti ṣe níbẹ̀ mọ́, mo sì ti jáwọ́ nínú magí pátápátá. N kò dáwọ́ oògùn dúró o, dókítà kò ní kí n dá a dúró. Ṣùgbọ́n mo lè sọ iye iyọ̀ tí mo ń jẹ báyìí fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí.

Ìyá Elélùbọ́ wọ káà ilẹ̀ lọ ní ọdún 2021. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí ohun tí mo fẹ́ mú nínú ẹrù rẹ̀, mo sì mú àpótí tí mo jókòó lé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá sí ẹ̀yìnkùlé mi. Àwọn òbí wọn rò pé lẹ́sìn-ìnì ni, mo sì ń ṣe ìṣirò àti ìwé kíkà pẹ̀lú wọn lóòótọ́, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n bẹ iṣu kan. A gé ègé mẹ́ta: a fi ọ̀kan sínú abọ́ gbígbẹ, a fi ọ̀kan sínú omi tútù, a ri ẹ̀kẹta sínú omi tó ń hó, a sì gbé òun náà sínú abọ́ gbígbẹ. Mo bi wọ́n pé èwo ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ní èyí tí a rì sínú omi gbígbóná ni, nítorí iná ló ń pọ́n àkàrà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní rárá, ó ní iná ti pa ohun tó ń pọ́n ọ́n. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń retí kí n dá ẹjọ́ náà. N kò sọ nǹkan kan. A to abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àpótí Ìyá, a jókòó yí i ká, a sì ń wò ó.